ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: BÁ ỌKÀN RẸ SỌ̀RỌ̀ NÁ

Bíbélì Kíkà: Nehemáyà 5:1-13

 

Nehemáyà kì í ṣe bíríkìlà, kì í sì í ṣe ẹnjiníà. Ẹni tó ń gbé ago fún ọba Páṣíà ni. Síbẹ̀, ọjọ́ 52 péré ni wọ́n fi parí odi Jerúsálẹ́mù lábẹ́ rẹ̀. Àwa a máa sọ pé àdúrà ló ṣe é. Òótọ́ ni, ó gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ó tún mọ bí a ṣe ń kó ọkàn ara ẹni níjàánu, ó sì mọ bí a ṣe ń gbọ́ ohun tó wà nínú àwọn tó ń báni ṣiṣẹ́.

Níbi tí iṣẹ́ dé, àwọn èèyàn figbe ta. Kì í ṣe Sáńbálátì ló dé lọ́jọ́ yẹn o, ebi ni. Wọ́n ti fi oko àti ilé dógò nítorí oúnjẹ. Àwọn kan yáwó san owó orí ọba. Ọmọ wọn ti ń di ẹrú. Ta ló sì ń gba èlé lọ́wọ́ wọn? Àwọn ọlọ́lá ìlú, ará wọn ni!

Inú bí Nehemáyà gan-an, Bíbélì ò fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ keje dáadáa: ó kọ́kọ́ rò ó nínú ara rẹ̀ ná, kó tó bá àwọn ọlọ́lá wí. Kò ní kí àwọn tebi ń pa gbẹ́nu dákẹ́ torí pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ló lọ. Nígbà tó sì débi ọ̀rọ̀ èlé, ó ka ara rẹ̀ mọ́ àwọn tó yẹ kó jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ṣọ́ọ̀ṣì kan nígbà kan. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ da kọnkéré, àwọn lébìrà pẹ́ kí wọ́n tó dé. Wọ́n ti ń pò ó lọ́wọ́ nígbà tí mo pariwo mọ́ fọ́mà lójú gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: "Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ Olúwa nìyí?" Bàbá náà ò fèsì. Ó gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Àwọn tó kù náà bá dúró. Oòrùn ń pa kọnkéré nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ẹni tó ń bínú. Ó gan, a dà á nù.

Ìgbà tí mo wá rọra bèèrè ni mo gbọ́ pé ó ti di Sátidé méjì tí a ò sanwó fún wọn. Wọn ò ní owó ọkọ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá. Èmi tí mò ń pariwo, èmi wà lára àwọn tó jẹ wọ́n lówó! Ojú kan náà tí mo ti bú bàbá yẹn ni mo ti bẹ̀ ẹ́. A wá owó wọn fún wọn, iṣẹ́ sì tẹ̀ síwájú.

Ará mi, ohun tútù ní ń yọ obì lápò, ohun líle ní ń yọ ọfà lápó. Bóyá ilé lò ń kọ́, bóyá ṣọ́ọ̀bù lo ní, bóyá ọmọdé kan ló ń bá ọ ṣiṣẹ́ ilé. Kó o tó pariwo lónìí, bá ọkàn rẹ sọ̀rọ̀ ná. Bèèrè ohun tó fà á. Kó o sì wò ó bóyá owó ẹni náà ò sí lọ́wọ́ rẹ.

Àdúrà: Olúwa, má jẹ́ kí ìbínú mi ba iṣẹ́ tí O gbé lé mi lọ́wọ́ jẹ́. Fún mi ní etí tó ń gbọ́ ẹkún òṣìṣẹ́. Ní orúkọ Jésù, àmín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ọjọ́ òní á sàn wá o.