Ìròyìn Tí Wọ́n Fọwọ́ Ara Wọn Pa Rẹ́

Ní oṣù March ọdún 1968, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ adójútòfò ní ìlú Nashville, l'Amẹ́ríkà, Paul Simpson lórúkọ rẹ̀, rìnrìn àjò lọ sí New York. Ó yà lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́ta, ABC, CBS àti NBC, ó ń béèrè bí èèyàn ṣe lè tún wo ìròyìn tí wọ́n ti kà kọjá. Èsì tó gbà kọ ọ́ lóminú. Kò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ, wọ́n á pa ohun tó wà lórí téèpù rẹ́, wọ́n á gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Wọ́n ní owó téèpù ti pọ̀ jù.

Ìwé ìròyìn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn wà nílé ìkàwé, ẹni tó bá fẹ́ lè ṣí i wò. Ìròyìn alẹ́ tí àìmọye èèyàn jókòó tì, tó ń sọ fún wọn nípa ogun Vietnam àti ìdìbò tó ń bọ̀, òun ni wọ́n ń nù dànù.

Simpson padà sílé, ó bá Yunifásítì Vanderbilt sọ̀rọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìròyìn alẹ́ sílẹ̀ ní August 5. Ṣùgbọ́n ní April 4, wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee kan náà tí Nashville wà. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Vanderbilt kò tíì gba ohunkóhun sílẹ̀. Simpson ti mọ ewu tó wà nílẹ̀ láti March! Ibẹ̀ ló ń dùn mí jù. Kò sí ọ̀tá kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìṣètò ló ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ kò sì dúró.

Lọ́dún 1973, CBS gbé yunifásítì náà lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìròyìn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Òfin tuntun tó jáde ní 1976 ló fún ilé ìkàwé láṣẹ láti máa gba ìròyìn sílẹ̀.

Ní Fort Worth, ní Texas, níbi tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WBAP-TV ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, bébà wà lára ohun tó gba ìtàn là. Fíìmù ìròyìn ìgbà náà sábà máa ń jẹ́ aláìlóhùn. Bí àwòrán ṣe ń lọ ni ẹni tó ń ka ìròyìn ń ka ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí bébà yẹn bá sọnù, a ó kàn máa wo ọkùnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni, a kò ní mọ ẹni tó jẹ́ tàbí ohun tó wá ṣe. Yunifásítì North Texas ló ń tọ́jú fíìmù àti bébà náà pa pọ̀ báyìí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Lẹ́tà tí Samuel Àjàyí Crowther kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ṣì wà fún wa láti kà, torí àwọn tó kọ ọ́ sí tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ l'Ékòó. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti fi ọdún 11 ṣà jọ bá a lọ.

Ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín kọ ìròyìn níbẹ̀, tàbí tó kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ inú àpótí wọn wò. Bí ẹ bá rí bébà tàbí lẹ́tà, ẹ má jẹ́ kó dọ́wọ́ alákàrà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn.