Ikin Láìsí Awo: Ṣé Ó Yẹ Ká Kó Ifá Sórí Kọ̀ǹpútà?

 Àkàkà Rẹ́mọ ni mo wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kì Ifá lọ́wọ́, ọmọ awo mi kan gbé fóònù jáde. Ó ní òun fẹ́ gbà á sílẹ̀, kí òun lè máa gbọ́ ọ tí òun bá délé. Mo dákẹ́. Kì í ṣe pé mo bínú o. Ohun tó ṣe yẹn kan ibi tó ti ń dùn mí láti bí ogún ọdún.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn, mo gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì lọ bá olúwo tó kọ́ mi nífá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ohùn yín sílẹ̀." Bàbá wo ẹ̀rọ náà títí. Wọ́n ní, "Ṣé ọmọ awo ni eléyìí? Ó ti mulẹ̀ rí?" Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe gbé ẹ̀rọ mi padà nìyẹn.

Bàbá ti papò dà báyìí. Ẹsẹ kan wà nínú Ọ̀wọ́nrín Méjì tí wọ́n máa ń kì. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo mọ ẹbọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ti bi àwọn awo ní Ìsarà, mo ti bi wọ́n ní Ìpẹru, títí dé Ṣágámù. Kò sẹ́ni tó ní i bí Bàbá ṣe ní i. Ní Ìkẹ́nnẹ́ tí kò jìnnà sí wa yìí, ìwé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ilé ìkàwé Sopolu, ẹni tó bá ń wá wọn mọ ibi tí yóò gbà. Ilé ìkàwé ti olúwo mi, inú wọn ló wà. Wọ́n sì ti gbé e lọ.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ṣé Bàbá tí kò gbà ni, àbí èmi tí n kò há a sórí? Ṣé ó yẹ ká kó ohun awo sórí kọ̀ǹpútà, àbí kò yẹ? Ohun tí a fẹ́ rò pọ̀ lónìí nìyẹn.

Ẹ wo bí ayé ṣe ń lọ. Àwọn ilé ìkàwé àti àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń pa ọwọ́ pọ̀ báyìí láti ya ohun ìtàn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, wọ́n ṣí ibi kan tó ń jẹ́ Digital Benin. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Hamburg ní Jámánì ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ilé 131 láti orílẹ̀-èdè 20 ló sì kó àkọsílẹ̀ wọn síbẹ̀. Ohun ààfin Ìbíní tó wà níbẹ̀ ju 5,000 lọ, idẹ àti eyín erin, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n fi èdè Ẹdó pè wọ́n lórúkọ. Ọmọ Ẹdó lè jókòó sílé rẹ̀ kó fi fóònù wo ohun ilé baba ńlá rẹ̀.

Ó dáa, àbí kò dáa? Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó jí ewúrẹ́ mi, tó wá ń fi fọ́tò ewúrẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi, ṣé ó ti dá ewúrẹ́ padà?

Tiwa náà ń bẹ níbẹ̀. Ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tí a mọ̀ láyé lónìí, kò sí ní Ifẹ̀, kò sí ní Rẹ́mọ. Ìlú Ulm ní Jámánì ló wà. Oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann ló ní i, ó sì wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ nípa àkójọ rẹ̀ ní 1659. Láti ìlú Allada, nínú orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ló ti dé ọ̀hún. Mo ti wo àwòrán rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Inú mi dùn débi pé mo kí i. Àmọ́ n kò lè da ìyẹ̀rọ̀sùn sójú àwòrán. A kì í tẹ Ifá sójú fóònù.

Ẹnì kan á ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ jàre, ibẹ̀ ni kò ti ní bàjẹ́." Ṣé òótọ́ ni? Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Brazil ní Rio. Ìtẹ́ Adándòzàn, ọba Dáhòmì, tó ti wà ní Brazil láti nǹkan bí igba ọdún, jóná níbẹ̀. Àwọn ohùn èdè ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà bá iná lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn kọlu kọ̀ǹpútà British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Fún oṣù bíi mélòó kan, ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti yà síbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè rí wò. Torí náà, kò sí ibi tí ewu ò sí. Orí ènìyàn ní ikú, ilé ní iná, kọ̀ǹpútà ní olè tirẹ̀. Ohun tó wà níbi mẹ́ta ló ṣòro láti pa tán lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá bi Ifá. Ẹ rántí ìtàn kan nínú Ìwòrì Méjì. Ọ̀rúnmìlà bí ọmọ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tó pè wọ́n wá ṣọdún, àwọn yòókù kí i bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn kọ̀, ó ní ohun tí bàbá òun ní ni òun náà ní. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó gba ọ̀run lọ. Ayé dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò lóyún, òjò kò rọ̀. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé. Kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́, ó ní òun ni kí wọ́n máa bi léèrè ohun gbogbo.

Ìgbàkígbà tí mo bá rò ó, mo máa ń rí ohun méjì nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́: Ifá kò kórìíra àrọ́pò. Bàbá lọ, ikin dúró dè é. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ohùn Ifá kò gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, kó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ rò. Odindi Ifá tí à ń dá lónìí, ohun tí Bàbá fi rọ́pò ara rẹ̀ la fi ń dá a.

Èkejì: ọwọ́ Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi fún wọn. Ẹnikẹ́ni ò já a gbà. Ó fún wọn, ó sì sọ bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ikin àti ohun 1897 nìyẹn. Tún wò ó: ẹni tí kò kọ́ Ifá, tí wọ́n bá gbé ikin fún un, èkùrọ́ ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ̀rún ẹsẹ Ifá lórí kọ̀ǹpútà. Tí kò bá sí awo tó máa kì í, tó mọ ẹbọ rẹ̀ àti ẹni tó kàn, èkùrọ́ ni.

Mo ti wá rí i pé Bàbá kò ṣàìmọ̀ nígbà tó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà ti mulẹ̀. Ohun tó ń bi mí ni pé: ẹ̀rọ yìí, ta ni kò ní sọ fún? Ẹ̀rọ kì í wojú ẹni kó tó sọ̀rọ̀. Ó tọ́ kí ó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti rí ọ̀nà gbé e gbà. Ní Australia, àwọn Warumungu bá àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mukurtu. Nínú rẹ̀, ìlú fúnra rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó lè wo ohun kọ̀ọ̀kan: èyí jẹ́ ti ọkùnrin, èyí jẹ́ ti obìnrin, èyí jẹ́ ti ìdílé báyìí. Ìlẹ̀kùn wà nínú ilé náà, kì í ṣe ìta gbangba. Ṣebí bí ìgbòdù náà ṣe rí nìyẹn?

Torí náà, èrò tèmi rèé, ẹni tó bá ní tiẹ̀ kó mú un wá. Ẹ jẹ́ ká gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ín kọ́kọ́ gbà, kó sì mọ ohun tó ń gbà sí. Ẹsẹ tí à ń kì níta, kí gbogbo ayé gbọ́. Èyí tó jẹ́ ti ìgbòdù, kó dúró nígbòdù. Kí orúkọ awo tó kì í wà lára rẹ̀. William Bascom gba ohùn awo ẹẹ́rìndínlógún kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1951, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1980. A mọ̀ lónìí pé Ṣàlàkọ́ ni awo náà, torí Bascom kọ orúkọ rẹ̀. Mélòó làwọn awo mìíràn tí ìwé pè ní "bàbá arúgbó kan" lásán? Paríparí rẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà nílùú. Kó má lọ jẹ́ pé ọmọ Àkàkà ní láti tọrọ ohùn bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì.

Mo ní kí ọmọ awo mi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ni mo bá a dá: ohun tó bá gbà sílẹ̀ lónìí, kó tó gba òmíràn, yóò kì í fún mi látorí, láìwo fóònù. Ó ti gba ẹsẹ mẹ́ta báyìí. Ó ti mọ méjì.

Tí ẹ bá mọ awo kan tó ń kì Ọ̀wọ́nrín Méjì bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń kì í, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe mi fún un. Èmi ni màá rìn lọ bá a.