Orí Òrùlé Ta La Dúró Sí?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa àti ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: bí ènìyàn bá sanwó láti lọ wo ìlú onílùú, ṣé ìwòran nìkan ló rà ni, tàbí ó ra ilé wọn mọ́ ọn?

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Oia ní erékùṣù Santorini, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì. Etí ọ̀gbun ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ní nǹkan bí 3,600 ọdún sẹ́yìn, òkè ayọnáyèéfín bú gbàmù níbẹ̀, àárín erékùṣù náà rì, òkun sì gba ipò rẹ̀. Bèbè gíga tó ṣẹ́kù ni ìlú náà wà. Inú eérú òkè náà tó ti dì ni àwọn atukọ̀ àti tálákà gbẹ́ ilé sí bí ihò, tí wọ́n sì kùn ún ní funfun. Òrùlé ẹni ìsàlẹ̀ ni àgbàlá ẹni òkè. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń wọ́ lọ láti wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sínú òkun.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú wíwo ohun tó dára. Èmi tí n kò débẹ̀ rí, àwòrán rẹ̀ lásán gbà mí lọ́kàn. Àmọ́ bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, àwọn àlejò a máa gun òrùlé onílé kí wọ́n lè ya fọ́tò, débi pé àwọn onílé ń lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí wọ́n jọ̀wọ́ má gùn ún mọ́. Ọmọ kékeré ilé kéwú mọ̀ pé kí òun sálámà kí òun tó wọlé!

Ẹnìkan á ní: "Àáfà, ẹ rọra. Owó àlejò ló mú ìlú náà dúró." Òótọ́ ni, n kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 9, oṣù keje, ọdún 1956 wó ọ̀pọ̀ ilé ní Oia, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kó lọ. Nígbà tí àlejò dé ni wọ́n tún un kọ́. Ihò tálákà àná ló di hòtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi. Ṣùgbọ́n ibùsùn àti oúnjẹ ni àlejò fowó rà, kò ra àṣẹ. Olùkọ́ tí ìjọba bá gbé lọ síbẹ̀ ń wá yàrá tì, nítorí àlejò ni gbogbo onílé ń fún. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilẹ̀ tún mì lemọ́lemọ́, ènìyàn tó lé ní 11,000 sì sá kúrò ní erékùṣù náà. Àwọn kan kò lọ. Wọ́n dúró ti ilé wọn.