Ẹni Tó Sá Sórí Àjà

Ìbéèrè tí àwọn òbí ń gbé wá síwájú ọpọ́n lóde òní ni pé: ọmọ mi ń mu kódíìnì àti tírámádò, kò sì gbà pé nǹkan ń ṣe òun, ṣé kí n ní kí wọ́n dì í tọwọ́tẹsẹ̀ lọ síbi ìtọ́jú?

Ògúndá Méjì ni mo gbé e lọ bá. Nínú Odù Ifá yìí, Àfùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí lọ́run. Àwọn ọ̀rẹ́ kánjú, wọ́n gbé orí tí kò jiná. Òjò ọ̀nà ayé sì bà á jẹ́. Nígbà tí Àfùwàpẹ́ dé, Àjàlá ti sá sórí àjà, torí olówó tó wá sin gbèsè wà nílé rẹ̀. Àfùwàpẹ́ kò fà á lẹ́sẹ̀ wálẹ̀. Ó san gbèsè náà. Àjàlá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a yan orí tó dára.

Ẹni tí oògùn olóró di bárakú fún, orí àjà ló wà. Ìrora, ọ̀fọ̀, àìríṣẹ́ṣe tàbí ìtìjú ló ń sin ín ní gbèsè. Lọ́dún 2019, ní Kàdúná, àwọn ọlọ́pàá bá àwọn ọ̀dọ́ tí ẹbí mú lọ fún àtúnṣe nínú ẹ̀wọ̀n àti ṣẹkẹṣẹkẹ. Ta ló san gbèsè kankan níbẹ̀? Ewu mìíràn sì wà níbẹ̀: ara tó ti yà kúrò lọ́dọ̀ oògùn bíi kódíìnì àti tírámádò kì í lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bí ọmọ náà bá jáde nínú àhámọ́, tó mu iye tó ń mu tẹ́lẹ̀, ó lè kú. Òjò tó ba orí tí kò jiná jẹ́ nìyẹn.

N kò ní ká máa wo ẹni tó ń kú lọ níran. Ẹni tí èémí rẹ̀ ń lọ, tàbí tó fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn, ká gbé e dé ọsibítù kíákíá. Òfin ìlera ọpọlọ Nàìjíríà tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2023, tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958, fàyè gba ìtọ́jú láìgbàṣẹ aláìsàn, ṣùgbọ́n ó pààlà sí i. Ìyẹn la fi ń dá ẹ̀mí dúró. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Ní Aró, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé, kí ẹbí wà nítòsí wọn, bí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú. Irú ọ̀nà tí èèyàn fi ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn.

Ìyá tó ń wá okùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jọ wádìí: ta ló dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ yìí, èló ló sì ń béèrè?