Oore Sí Ewéko Tí Ń Jẹ Kòkòrò

Ìbéèrè tí ewéko tí ń jẹ kòkòrò gbé ka iwájú onímọ̀ ìwà ni bóyá oore ni fífún ẹ̀dá ní ohun tí olùtọ́jú kà sí dáradára, tàbí ohun tí àbùdá ẹ̀dá náà gan-an ń béèrè. Ilẹ̀ àbàtà Àríwá àti Gúúsù Carolina ní Amẹ́ríkà, níbi tí Dionaea muscipula, ọ̀kan lára irú ewéko bẹ́ẹ̀, ti ṣẹ̀ wá, kò lọ́ràá, ìdí sì nìyẹn tí ewéko náà fi ń fi ewé mú kòkòrò. Ẹni tó bá fi àánú gbìn ín sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá, tó ń fún un ní ajílẹ̀ àti omi ẹ̀rọ, ń pa á ni, torí pé iyọ̀ inú wọn a máa jó gbòǹgbò rẹ̀. Kódà ìkòkò amọ̀ lásán lè tú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Ike tó jìn, tó ní ihò nísàlẹ̀, ló bá a mu.

Ṣé ìkà ni ewéko tó ń pa kòkòrò? Rárá, nítorí ẹ̀bi kò sí níbi tí yíyàn kò sí. Ti olùtọ́jú ló le, torí òun lè yàn. Ẹni tí kò bá lè pèsè omi òjò, oòrùn tó pọ̀ àti nǹkan bí oṣù 3 òtútù lọ́dọọdún, kò yẹ kó rà á.