Ta Ni A Jẹ Ní Gbèsè Orúkọ Ilẹ̀?

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ti ọmọ ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilẹ̀. Ohun kan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tàbí ẹnì kan ti gbé ibẹ̀ rí, kí ibẹ̀ tó ní orúkọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ọ̀mọ̀wé bá mú gègé láti kọ orúkọ ibì kan sílẹ̀, ta ni ó jẹ ní gbèsè? Ṣé ẹni tí yóò ka ìwé náà ni, tàbí ẹni tí ń gbé orí ilẹ̀ náà?

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn erékùṣù mẹ́ta tí à ń pè ní Aran, ní ìwọ̀-oòrùn Ireland. Iṣẹ́ oko àti ẹja pípa ni àwọn baba ńlá wọn fi ń jẹun, èdè Irish ni wọ́n sì ń sọ. Abúlé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Cill Éinne, ìyẹn ni ilé ìjọsìn Éanna, ẹni mímọ́ ayé àtijọ́ kan. Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya máàpù ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Killeany ni wọ́n kọ. Ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn mu, ṣùgbọ́n ìtàn ti bọ́ sọnù. Ẹni tí kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "pa" ni yóò kọ́kọ́ rí níbi tí ilé ìjọsìn wà.

Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fa èyí. John O'Donovan, ọmọ Ireland tí ó mọ èdè náà dénú, bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, ó sì dé Aran ní ọdún 1839 láti wádìí orúkọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ẹni tí yóò ka máàpù ni wọ́n rò, wọn kò ro onílẹ̀. Ní ọdún 1972, Tim Robinson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó lọ síbẹ̀. Obìnrin tí ń ṣe àkóso ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó dábàá pé kí ó ya máàpù. Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín, ó ń bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975 pẹ̀lú orúkọ bí àwọn onílẹ̀ ti ń pè é. Láti ọdún 2005, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ nìkan ni òfin Ireland mọ̀ ní àwọn agbègbè tí a ti ń sọ èdè Irish.

Àwọn kan lè wí pé bí lẹ́tà bá ṣáà ti dé ibi tí a fi í ránṣẹ́, ó tó. Lójú ẹni tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó tó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí síbẹ̀ ń kọ́? Orúkọ ni ìwé tí àwọn tí kò mọ̀wé kọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tí ó bà á jẹ́ ti fọwọ́ kan ogún olóògbé, bí kò tilẹ̀ jí ẹyọ yanrìn kan.

Ẹ má jẹ́ kí a tètè bú àwọn awọnlẹ̀ náà. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni a gbọ́ pé ó di Ìbàdàn. Bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀dàn ni tàbí igi ọdán? Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni a ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí àjèjì kankan tí ó dì wá lọ́wọ́ mú.