Ta Ni Yóò Rántí Ẹ̀gbin?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ayé ti rí akẹ́gbin kan tí kò ní ọkàn tí yóò fi rántí ohunkóhun.

Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni mo ń wí. Ó pẹ́ tí a ti ń jẹ nínú iṣẹ́ wọn: àwọn ni wọ́n ń mú ògì kan, àwọn náà ni wọ́n ń mú irú ta sánsán. Ẹ́ńsáìmù ni irinṣẹ́ wọn. Bí ọ̀bẹ ni ó rí, ó ń gé ohun ńlá sí wẹ́wẹ́, òun fúnra rẹ̀ kì í sì í tán nínú gígé náà. Láti ọdún 1985 ni àwọn ará Japan ti ń fi ẹ́ńsáìmù inú bakitéríà ṣe acrylamide láìfi iná ńlá sí i. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ kan náà kéde bakitéríà kan tí wọ́n rí ní ìlú Sakai, tí ó ń jẹ ike tí a fi ń ṣe ìgò omi.

Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò bá lè jẹ ẹ̀gbin wa, ṣé a ti gba àyè láti máa da ẹ̀gbin kiri? Ẹlòmíràn yóò ní, “Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹjọ́ wo ni ó tún kù?”

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Ògóní, níbi tí epo rọ̀bì ti bà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n a máa ro ilẹ̀ náà, wọ́n a da ajílẹ̀ sí i, kí kòkòrò lè jẹ epo náà. Ní 2011, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká fi hàn pé ọ̀nà yìí kò kẹ́sẹ járí: níbòmíràn, epo ti wọ ilẹ̀ tó mítà 5, ibi tí ọkọ́ kò dé. Ní Nisisioken Ogale, benzene tí ó wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ju ìlọ́po 900 iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀.

Ká tilẹ̀ ní kòkòrò lè jẹ gbogbo epo náà tán lóòjọ́, ṣé yóò jẹ gbèsè tí a jẹ ẹni tí ó ti mu omi náà? Nígbà tí agbépòó ń ru ẹ̀gbin ìlú, ó mọ ilé tí ó ti gbé e, ó sì ní ẹnu láti sọ ọ́. Kòkòrò kì í fẹjọ́ sùn. Bí ó bá jẹun tán, ẹlẹ́ṣẹ̀ gbàgbé, akẹ́gbin náà kò sì rántí.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé iṣẹ́ ìrántí ti bọ́ sí ọwọ́ wa. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ yìí tó tú kòkòrò sí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ná: ta ni ó da á, ta ni ó mu ún, kí ni a sì san fún un.